Ìgbà Tí Màmá Àgbà Jókòó Ti Àwọn Oyin

Ọjọ́ orí tí Màmá Àgbà wà nígbà tí wọ́n wá bá wa ní Houston, mo ti kọjá rẹ̀ báyìí. Orúnkún mi ń dùn mí bí tiwọn ṣe máa ń dùn wọ́n. Mo máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn bí mo bá ń rìn, bí àwọn náà ṣe máa ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Àwọn ló bí bàbá mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n kú sí, ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìdánwò àṣekágbá ni mò ń ṣe ní yunifásítì níhìn-ín nígbà náà, n kò sì lè lọ síbi ìsìnkú wọn. Wọ́n fi ìwé ètò ìsìnkú náà ránṣẹ́ sí mi. Ọdún tí wọ́n bí wọn wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, ipò tí wọ́n dì mú nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí Màmá Àgbà nínú rẹ̀. Kò sí oyin kan ṣoṣo nínú ìwé náà.

Ilé tí à ń gbé wà ní Sharpstown, ó sún mọ́ Southwest Freeway débi pé ariwo ọkọ̀ máa ń bá wa jẹun. Bọ̀dá Délé, àbúrò bàbá mi, ni olórí ilé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park, ìdájí ni wọ́n sì máa ń jáde. Àǹtí Bísí, ìyàwó wọn, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kẹ́mi ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi ń lọ sí yunifásítì, yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ni mò ń sùn. Nígbà tí Màmá Àgbà dé láti wá bá wọn tọ́jú Kẹ́mi, wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi ní kí n fi ẹ̀yìn ilé han àwọn. Wọ́n wo pápá koríko tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju àga oníke méjì lọ. Wọ́n wò ó títí.

Wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ koríko nínú yín?"

Kí oṣù kan tó pé, ebè ti wà níbẹ̀. Wọ́n gbin tòmáàtì, ata, ilá àti ewúro, àti ìkàn tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìkàn náà yọ òdòdó dáadáa, àmọ́ òdòdó ń rẹ̀ dànù, kò so. Bọ̀dá Délé ló ń fọ́n oògùn kòkòrò sí gbogbo rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n rò pé àwọn ń ran ìyá àwọn lọ́wọ́ ni. Nígbà tó di ọdún kejì, àgolò oògùn náà di àwátì.

"Màmá, ẹ bá mi rí oògùn kòkòrò yẹn?"

"Mo rí i."

"Níbo ló wà?"

"Ibi tí mo gbé e sí."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Èmi àti Àǹtí Bísí sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Ọdún kejì yẹn ni àwọn oyin dé. Kì í ṣe oyin wẹ́wẹ́ tó ń ṣe èyí tí à ń lá. Ńlá ni, ó sanra, irun bò ó lára, ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n bí àgbàdo gbígbẹ, ìró rẹ̀ sì wúwo. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní bumblebee. Màmá Àgbà pè é ní ẹlẹ́wù, wọ́n ní kò sí ohun tó lè mú ẹ̀dá Ọlọ́run wọ ẹ̀wù onírun nínú oòrùn Houston àfi agídí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Oyin náà á rọ̀ mọ́ òdòdó ìkàn, á gbọ̀n ara rẹ̀ jìgìjìgì, ìró rẹ̀ á yí padà, ìyẹ̀fun òdòdó á sì dà sí i lára. Lọ́dún yẹn, ìkàn so débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rìn láàárín ebè, ọwọ́ lẹ́yìn, ìborùn léjìká. Bí oyin bá ń fò yí orí wọn ká, wọn kì í sá, wọn kì í ju ọwọ́. Wọ́n á dúró bí òpó títí yóò fi yé oyin náà pé orí ènìyàn kì í ṣe òdòdó. Ọjọ́ kìíní tí mo tẹ̀ lé wọn débẹ̀, ọ̀kan kọjá létí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Àlàó, dúró. Ìwọ lo wá bá a lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ mìíràn mo fín lófíńdà kí n tó jáde sí wọn, nítorí mo ní ibi tí mò ń lọ lẹ́yìn náà. Oyin mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi láti ìdí tòmáàtì dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wọlé lọ fọ ọrùn mi kí n tó padà wá. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ wọn lẹ́yìn mi: "Ọmọbìnrin wo ló ń wá nínú ìkàn?"

Ènìyàn tí kì í sáré ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè dá wọn dúró tí wọ́n bá ti pinnu. Houston kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn, àgàgà ìyá arúgbó tó wọ ìró. Síbẹ̀ wọ́n rìn lọ sí ilé ìtajà kan lọ ra àpò ìlẹ̀dú, wọ́n rù ú, wọ́n ń bọ̀ létí títì nínú oòrùn. Ọlọ́pàá kan dúró, ó rò pé wọ́n sọnù. Wọ́n gbé àpò náà lé e lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣe dúró níwájú ilé wa nìyẹn, tí gbogbo àdúgbò jáde, tí àyà Àǹtí Bísí sì já. Màmá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní Yorùbá, wọ́n yí sí wa.

"Ọmọ dáadáa ni. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó ń fi mọ́tò ṣeré kiri."

Nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn àwọn oyin wọ̀nyí tó, mo yá ìwé nípa wọn ní ilé ìkàwé yunifásítì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo fẹ́ fi ìmọ̀ hàn wọ́n, kí n má parọ́. Mo kà á pé bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn jù, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti kìlọ̀.

"Ó gbé e sí mi lánàá," ni wọ́n wí. "Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, mo sì yà fún un."

Mo kà á pé ó lè ta ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo kà á pé akọ kì í ta ènìyàn rárá, abo nìkan ló ń ta, àti pé akọ kì í padà sílé mọ́ tó bá ti jáde, orí òdòdó ló ń sùn. Màmá Àgbà fúnra wọn ti rí irú èyí láàárọ̀, tí ìrì ṣẹ́ sí i lára, tí kò lè gbéra. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bọ̀dá Délé wà lórí àga nítòsí, wọ́n ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́, ẹnu wọn là sílẹ̀. Màmá Àgbà wo ọmọ wọn, wọ́n wo ìwé ọwọ́ mi.

Wọ́n ní, "Gbogbo èyí ni wọ́n ní kí ẹ wá kọ́ ní yunifásítì?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún yẹn. Bọ̀dá Délé ń fi ẹ̀rọ gé koríko lọ sí igun ọgbà, níbi tí eku ti gbẹ́ ihò nígbà kan rí. A kò mọ̀ pé àwọn oyin náà ti sọ ihò eku di ilé. Ẹ̀rọ gun orí ihò náà, àwọn oyin sì tú jáde. Bọ̀dá Délé fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n sá. Kẹ́mi, tó ń ṣeré nítòsí, sá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, ó ń ké, ó ń ju ọwọ́. Ọ̀kan ta Bọ̀dá Délé létí. Ọ̀kan ta Kẹ́mi lápá.

Màmá Àgbà fi omi àti ọṣẹ fọ apá ọmọ náà, wọ́n fi yìnyín lé e. Àǹtí Bísí gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ètè rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí, wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Apá nìkan ló wú. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, Bọ̀dá Délé gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróò jáde láti gáréèjì. Màmá Àgbà ti dúró sí ọ̀nà dè wọ́n.

"Délé, gbé e sílẹ̀."

"Màmá, oyin lásán ni."

"Ta ló fi irin aláriwo gun orí ilé ẹnìkejì rẹ̀?"

Bọ̀dá Délé fọwọ́ pa etí wọn tó wú. Àǹtí Bísí ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, Kẹ́mi ṣì wà léjìká wọn.

"Màmá, mi ò bá yín jà o. Apá ló wú lónìí. Tó bá jẹ́ ọ̀fun ló wú lọ́la ńkọ́?"

Màmá Àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. "O ò purọ́, Ìyá Kẹ́mi. Àlàó kà á fún mi pé bí òtútù bá dé, ilé náà á tú fúnra rẹ̀. Ẹ fún mi dìgbà yẹn. Bí wọ́n bá tún ta ẹnikẹ́ni kí òtútù tó dé, èmi fúnra mi ni màá da pẹtiróò sí ihò yẹn, màá sì wú gbogbo ebè mi."

"Ẹnikẹ́ni, Màmá?"

"Ẹnikẹ́ni."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé di ibi tó ní òfin. Wọ́n kan èèkàn mẹ́rin yí igun náà ká, wọ́n fi okùn sí i, wọ́n so àkísà pupa mọ́ okùn kí Kẹ́mi lè máa rí i lókèèrè. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, koríko ibẹ̀ gùn títí ó fi bo ihò lójú. Wọ́n fi odidi ọjọ́ méjì wo ọ̀nà tí àwọn oyin ń gbà fò jáde àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n sì ní ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dúró sójú ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mu ohun dídùn nínú ife tí kò ní ìdérí lẹ́yìn ilé. Bàtà di dandan lórí koríko. Wọ́n kọ́ Kẹ́mi bí ènìyàn ṣe ń kúrò nítòsí oyin: ẹnu pípadé, ọwọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ náà ń fi mí ṣe ìdánrawò nínú pálọ̀, èmi ni oyin. Lọ́sọ̀ọ̀sán, òun àti Màmá Àgbà a jókòó sí ọ̀nà jíjìn, wọn a máa ka iye oyin tó wọlé. Àǹtí Bísí ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, wọn kì í jáde síbẹ̀.

Màmá Àgbà bi Kẹ́mi lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé wọ́n ń wá ẹ kiri ni?" Ọmọ náà ní rárá. "Ó dáa. Ìwọ náà má wá wọn."

Oṣù keje kọjá, oṣù kẹjọ kọjá, wọn kò ta ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹsàn-án, Àǹtí Bísí yege ìdánwò nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Aládùúrà ni Bọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn. Gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń lò ń jò, wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, nítorí náà ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n fi ìsìn náà sí. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà nínú ìjọ náà kì í wọ bàtà. Ogójì ènìyàn ló ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ òfìfo, lórí koríko tí oyin ń jẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo rò pé Màmá Àgbà máa kọ̀. Wọn kò kọ̀, wọ́n ní ọjọ́ ayọ̀ ìyàwó àwọn ni. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, èmi pẹ̀lú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a gé gbogbo òdòdó funfun kéékèèké tó wà láàárín koríko, kí oyin má bàa rí ohun tó máa wá ṣe níbi tí ènìyàn máa tẹ̀. A tẹ́ ẹní bo ilẹ̀. A gbé tábìlì àdúrà sí ìpẹ̀kun kejì, ó jìnnà sí ihò náà. Màmá Àgbà wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n mi orí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ohun kan ló bọ́ sọnù. Ọmọ Áńgílíkà ni Màmá Àgbà, èmi náà kì í lọ sí ìjọ náà déédéé, a kò rántí pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní ibi tuntun, wọ́n máa ń ya igun ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí mímọ́. Wọ́n á gbé tùràrí débẹ̀, wọ́n á lu agogo, wọ́n á sì fò sókè nígbà mẹ́ta. Bàbá Ìjọ, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ohùn rẹ̀ ga, ló ń ṣíwájú. Wọ́n ti ṣe igun kẹta tán kí ó tó yé mi ibi tí wọ́n ń lọ. Mo wo Màmá Àgbà. Wọ́n ti dìde.

Wọn kò sáré. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n kọjá okùn náà, wọ́n jókòó síwájú ihò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n tẹ́ ìró wọn sílẹ̀ yí ara wọn ká, wọ́n sì fi etí ìborùn bo imú àti ẹnu, nítorí èémí ènìyàn máa ń bí àwọn oyin náà nínú.

Bàbá Ìjọ dé. "Màmá, ẹ dìde fún wa, igun yìí ló kù."

"Ibí ti ní onílé, Bàbá Ìjọ."

"Igun mẹ́ta kò pé, Màmá."

"Ẹ dúró lọ́hùn-ún gbàdúrà. Ọlọ́run ò dití."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ rò pé agídí arúgbó ni, òun náà sì ní tirẹ̀. Ó lu agogo náà kíkankíkan, ó fò sókè, ó sì fi gbogbo ara balẹ̀. Mo gbọ́ ìró tó dìde láti inú ilẹ̀.

Àwọn oyin jáde. Màmá Àgbà kò gbé ohùn sókè. "Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ má ju ọwọ́. Ẹ máa fi ẹ̀yìn lọ, jẹ́jẹ́." Bóyá nítorí pé wọn kò pariwo ni gbogbo wa ṣe gbọ́ràn. Bàbá Ìjọ di ahọ́n agogo mú kó má bàa dún, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ogójì ènìyàn nínú aṣọ funfun ń fi ẹ̀yìn rìn lórí koríko láìsọ̀rọ̀. Kẹ́mi ló ń darí àwọn ọmọdé, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Màmá Àgbà nìkan ló kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá dìde, àwọn oyin á tẹ̀ lé ẹni tó ń lọ, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ta pọ́ún, tó tún ta pọ́ún. Wọn kò gbá nǹkan kan, wọn kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀. Wọ́n jókòó títí àwọn oyin fi rọlẹ̀, tí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju ọwọ́ sí wa pé ká máa bá ìsìn lọ. Àdúrà Bàbá Ìjọ kò gùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán tí wọ́n lọ, mò ń ká ẹní nígbà tí mo rí Màmá Àgbà tí wọ́n ń tiro bọ̀ láti gáréèjì. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróò wà lọ́wọ́ kan, ọkọ́ wà lọ́wọ́ kejì.

"Màmá Àgbà, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo ṣe ìlérí."

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rí i." Ojú ń tì mí báyìí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi rí i."

Àǹtí Bísí jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ṣì wọ aṣọ ìdúpẹ́ wọn. Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ tó ti wú bí iṣu. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí koríko, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀kan wà lọ́rùn."

"Ṣé ọ̀fun yín ò fún?"

"Ọ̀fun mi ń sọ̀rọ̀, o sì ń gbọ́ ọ. Ìyá Kẹ́mi, mo ní ẹnikẹ́ni. Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ kí n lọ ṣe ohun tí mo sọ."

Ojú wọn lọ sórí ebè, sórí ìkàn tó so jìngbìnnì, wọ́n sì yára gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Àǹtí Bísí gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ wọn. "Èmi ni ẹ ṣe ìlérí fún, Màmá. Mo ti fi jì yín."

"Kì í ṣe ohun tí à ń fi jini."

"Èmi ni ìyá ọmọ tí wọ́n ta. Ogójì ènìyàn ló wá síbí lónìí, kò sí ọ̀kan tó lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ jókòó."

N kò rí ẹni tó pàṣẹ fún Màmá Àgbà rí. Wọ́n fi ọkọ́ lélẹ̀, wọ́n jókòó. Àǹtí Bísí wọlé lọ dá kẹ́ẹ̀gì àti ọkọ́ padà, wọ́n gbé yìnyín nínú aṣọ ìnura bọ̀, wọ́n jókòó tì wọ́n lórí ẹní, àwọn tí kì í jáde síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo igun náà. Oyin kan ń bọ̀ láti orí ìkàn, ìyẹ̀fun òdòdó kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba iwájú wọn kọjá. Àǹtí Bísí kò mira.

Màmá Àgbà bi wọ́n pé, "Ẹ̀rù wọn ò bà ẹ́ mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí dáadáa, Màmá. Mo kàn ti mọ ibi tí mo lè jókòó sí ni."